Bí a ṣe ń mú kí sidescan sonar ríran dáadáa nínú omi Èkó

Sidescan sonar ni ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi. Ohun tó sábà máa ń ba àwòrán náà jẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bí kò ṣe bí ẹ̀rọ náà ṣe wà nínú omi. Mo ti wà lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ àwọ̀, tí wọ́n ń fi gain (agbára tí à ń fi kún ìró tó padà wá) kún gain, bẹ́ẹ̀ towfish, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń ju ìró, tí à ń fà lẹ́yìn ọkọ̀ nínú omi, ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi: àwọn nǹkan kan wà tí a lè tún ṣe nílé lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá ti kọjá ibẹ̀, ó ti bọ́ nìyẹn. Àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ìyára ìró nínú omi, gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe. Gíga towfish sí ìsàlẹ̀, eré tí ọkọ̀ ń sá, range tí a yàn (bí a ṣe fẹ́ kí ẹ̀rọ wo ọ̀nà jíjìn tó ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan), ariwo tó ti wọ inú ìró: wọn kò ṣeé tún ṣe. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, transducer kan wà ní apá òsì towfish, òmíràn wà ní apá ọ̀tún. Wọ́n máa ń ju ìró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n á sì máa gbọ́ ohun tó bá padà wá. Ìró kan, ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni ìlà ń tò sórí ara wọn títí tí wọ́n fi di àwòrán. Ohun líle bí òkúta àti irin máa ń mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ rírọ̀ máa ń ṣókùnkùn, ẹ̀yìn ohunkóhun tó bá yọ sókè á sì dúdú, nítorí ìró kò dé ibẹ̀. Òjìji nìyẹn. Ẹni tó bá mọ òjìji kà ló mọ iṣẹ́ yìí.

Kí towfish tó kan omi

Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní èbúté. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ nu ojú transducer méjèèjì. Tí òróró ẹ́ńjìnnì bá wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kéékèèké máa ń lẹ̀ mọ́ ọn tó bá wọ omi, ìró kì í sì í gba inú afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa. Ẹ ṣí ojú ìsopọ̀ wáyà, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti ń ní àwọ̀ ewé, omi iyọ̀ ti débẹ̀. Ẹ nù ún kó gbẹ, kí ẹ fi gírísì sílíkónì díẹ̀ ra rọ́bà ẹnu rẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Tí ẹ bá rọ gírísì kún inú ihò, ìsopọ̀ náà kò ní wọlé tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ fi range sí kékeré, kí ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú transducer apá òsì. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ rí i kí apá òsì àwòrán mọ́lẹ̀ yòò bí ọwọ́ ṣe ń ra á, kí apá ọ̀tún sì dákẹ́. “Òsì!” “Mo rí i!” “Ọ̀tún!” “Mo rí i!” Àyẹ̀wò yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, mi ò sì gbà kí ọkọ̀ kúrò ní èbúté láìṣe é. Tí ẹ bá ra òsì tó jẹ́ ọ̀tún ló mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ṣe pàṣípààrọ̀ níbì kan. Bí a bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí a bá rí ni a máa gbé sí òdìkejì ibi tó wà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dún nínú afẹ́fẹ́ títí, ó lè gbóná.

Tí apá kan kò bá dáhùn rárá, ẹ pààrọ̀ àwọn wáyà méjèèjì níbi tí wọ́n ti wọ inú àpótí ẹ̀rọ lókè. Tí òkùnkùn náà bá ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì lójú kọ̀ǹpútà, wáyà tàbí towfish ló ní àìsàn. Tó bá dúró síbi tó wà, àpótí lókè ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tí wáyà ti wọ orí towfish ló máa ń já, nítorí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ jù tí a bá ń ká a.

Gíga, range àti eré

Ìlànà tí àwa oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni pé kí gíga towfish sí ìsàlẹ̀ jẹ́ 10% sí 20% range. Range 50 mítà, kí towfish wà ní mítà 5 sí 10 sókè ilẹ̀. Bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá jábọ́ lóru ni: ẹni tó bá gbé tọ́ọ̀ṣì sókè kò ní rí i, ẹni tó bá gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ilẹ̀ ni òjìji abẹ́rẹ́ máa hàn sí. Tí towfish bá ga jù, òjìji á kúrú, òkùnkùn omi (ibi tí ìró kò tíì kan ilẹ̀) á sì gba àárín àwòrán. Tó bá wálẹ̀ jù, ìró kò ní lágbára mọ́ ní etí òde, towfish pàápàá sì wà nínú ewu.

Ọ̀sà Èkó kò jìn. Ibi púpọ̀ níbẹ̀ kò tó mítà 3, àfi ibi tí àwọn tó ń wa yanrìn ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ àti ọ̀nà tí a gbẹ́ fún ọkọ̀ ńlá. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ má fa towfish rárá. Ẹ dè é mọ́ òpó irin ní ẹ̀gbẹ́ iwájú ọkọ̀, kó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi range sí mítà 15 tàbí 20. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn mọ́ oníbàárà kí a fẹ̀ ẹ́ sí 75 kí iṣẹ́ tètè parí. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ohun tó máa rí lẹ́yìn mítà 20 yẹn kì í ṣe ìsàlẹ̀ omi mọ́, ojú omi ló ń wò.

Ní ti frequency, ìyẹn bí ìró ṣe ń gbọ̀n ní kíákíá tó, 900 kHz ni mo máa ń lò nínú ọ̀sà nítorí kò sí ibi tó jìn tí a ń wò. Lójú òkun, tí range bá ti ń lọ sí 75 tàbí 100, 400 kHz tàbí ohun tó sún mọ́ ọn ló yẹ. Èyí tó ga ń fi nǹkan kéékèèké hàn, ṣùgbọ́n omi tètè máa ń gbé ìró rẹ̀ mì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò eré. Range 75 mítà: ìró lọ 75, ó bọ̀ 75, ó di 150. Ìró ń rin nǹkan bí 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ping (ìró kan tí ẹ̀rọ jù) 10 péré la lè rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọkọ̀ bá ń sá knot 4, ìyẹn nǹkan bí mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sẹ̀ǹtímítà 20 ló wà láàárín ping kan sí èkejì. Ẹ wá fẹ range sí 150, kí ẹ sì jẹ́ kí kápítéènì sáré dé knot 8: ó di sẹ̀ǹtímítà 80. Dúrọ́ọ̀mù epo kò fẹ̀ tó 60. Ping kan lè kàn án, ping kan kò sì tó fún ojú ènìyàn láti mọ ohun tó rí. Èmi kì í gbà ju knot 4 lọ, nígbà mìíràn knot 3 ni.

Ìlà ojú omi

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nínú omi tí kò jìn, ìlà méjì ló máa ń hàn nínú òkùnkùn tó wà láàárín àwòrán. Ọ̀kan ni ìsàlẹ̀ omi. Èkejì ni ojú omi, nítorí ìró ń lọ sókè náà. Tí towfish bá wà ní mítà 4 sábẹ́ ojú omi tó sì ga ní mítà 6 sí ilẹ̀, ìlà ojú omi ló máa kọ́kọ́ hàn ní mítà 4, ìsàlẹ̀ á tẹ̀ lé e ní 6. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀. Á di ìlà àkọ́kọ́ mú, á sọ pé ìsàlẹ̀ nìyẹn, gbogbo ìṣirò tó kù á sì ṣì.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n rèé: ẹ tú wáyà sílẹ̀ díẹ̀, mítà 3 sí 5, kí ẹ sì máa wo ojú kọ̀ǹpútà. Bí towfish ṣe ń wálẹ̀, ìlà ojú omi á máa sún síta, ìlà ìsàlẹ̀ á máa sún sínú. Ìlà tó bá sún sínú ni òtítọ́. Ní báyìí, ẹ ká wáyà padà sí bó ṣe wà, kí ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà kó má wá ìsàlẹ̀ ní ibi tó kéré ju mítà 5 lọ, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ yàn án fúnra yín. Tí ìgbì bá wà, ìlà ojú omi máa ń rí wúruwùru, tí ìsàlẹ̀ á sì gún. Ìyẹn náà jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò wáyà ló dá mi lójú jù.

Ohun mìíràn tó máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ ìsàlẹ̀ nù ni agbo ẹja, àti ìfóòfó tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ kàn dúró kó kọjá, kí ẹ sì kọ aago rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó di ìdarí mú

Kò sí bí ẹ ṣe mọ ẹ̀rọ tó tí ẹ kò bá bá kápítéènì sọ̀rọ̀ dáadáa. Towfish ń gun òkè tí ọkọ̀ bá sáré, ó ń rì tí ọkọ̀ bá rọra. Tí ọkọ̀ bá yí lójijì, á já wá sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ ká wáyà wọlé kí ẹ tó yí, kí ẹ sì yí gbọgbọrọ. Àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ ló máa ń wa ọkọ̀ tí a sábà ń lò. Kí n tó ju ohunkóhun sómi ni mo ti máa ń sọ fún un: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí rìfáàsì o, nǹkan wa wà lẹ́yìn.” Á ní, “Mo gbọ́, àǹtí. Ẹ ṣáà máa pè mí kí n tó yí.” Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ń gba wáyà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn bàbá wọ̀nyí náà ló mọ ibi tí àwọ̀n wà, àti ibi tí àwọn apẹja ti ri igi mọ́lẹ̀ kí ẹja lè kó síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fa ìlà tí ọkọ̀ máa tọ̀ sórí máàpù.

Gain

Ẹ wá ibi tí ìsàlẹ̀ tẹ́jú, tó jẹ́ yanrìn kan náà lọ sí ọ̀tún àti òsì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti to TVG, ìyẹn gain tó ń pọ̀ sí i bí ìró ṣe ń pẹ́ kó tó padà. Ẹ tò ó títí tí ibi tó sún mọ́ àti ibi tó jìnnà á fi mọ́lẹ̀ bákan náà. Kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò. Ẹni tó bá ń yí gain bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, nítorí lọ́jọ́ kejì kò ní lè sọ bóyá ibi tó ṣókùnkùn jẹ́ ẹrẹ̀ ni àbí òun ló dín gain kù. Ìmọ́lẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tún ṣe fúnra rẹ̀ dára fún ojú, kò dára fún ìwé. Ẹ gba ohùn tútù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn sílẹ̀, kí ẹ ṣe ẹwà sórí ẹ̀dà rẹ̀.

Bí mo ṣe ń mọ̀ pé gain ti pọ̀ jù ni pé òjìji kò dúdú mọ́, ó ti di eérú. Àmì mìíràn ni pé ohun líle tó wà ní òsì á tún hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ní ọ̀tún, ní jíjìnnà kan náà gẹ́lẹ́. Kì í ṣe nǹkan méjì. Ohùn apá kan ló ń jò sí èkejì.

Ariwo

Tí ìlà tàbí àmì tó-tò-tó bá kún ojú kọ̀ǹpútà, ẹ dá ìró towfish dúró, kí ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ nìkan. Ohunkóhun tó bá ṣì ń hàn kì í ṣe tiwa. Ẹ pa echo sounder, ìyẹn ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń wọn bí omi ṣe jìn tó. Tí àmì tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ kọjá lójú àwòrán bá lọ, ẹ ti mú olè. Tí kò bá lọ, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ̀rọ máa lo bátìrì. Lẹ́yìn náà ẹ pa winch (ẹ̀rọ tó ń ká wáyà), lẹ́yìn náà ṣájà kọ̀ǹpútà. Ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má pa méjì pọ̀. Nínú ọkọ̀ oníke tàbí onígi, mo máa ń ju irin tí a fi wáyà so mọ́ ara àpótí ẹ̀rọ sínú omi láti fi ṣe earth, ìyẹn sì sábà máa ń pa ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ tún wò ó kí wáyà towfish má sùn ti wáyà iná.

Tí ariwo bá dákẹ́ nígbà tí a dá ìró dúró, tí àwòrán sì rí wọ́gọwọ̀gọ, ìgbì ni. Ìgbì gígùn láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn kì í sinmi ní etíkun Èkó, ọkọ̀ á sì máa fa towfish já-já-já. Ẹ tú wáyà sí i kó lè jìnnà sí ọkọ̀, kí ẹ fi ìwúwo kún un kó má bàa gòkè. Ìṣàn omi láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn tún máa ń wọ́ towfish sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ń lọ sí gúúsù tàbí àríwá, nítorí náà ẹ má fi ọ̀nà ọkọ̀ ṣe ojú towfish. Kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Apá kan mọ́lẹ̀ ju èkejì

Ẹ má sáré lọ yí gain apá kan. Ẹ padà lórí ìlà kan náà, kí ẹ kọjú sí òdìkejì. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣí lọ sí apá kejì lójú kọ̀ǹpútà, ìsàlẹ̀ omi ló rí bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí yanrìn wà ní apá kan, ẹrẹ̀ ní apá kejì. Tó bá dúró sí apá kan náà, towfish ti fì. Ẹ fà á wálé. Ní àsìkò òjò, ewéko water hyacinth tó máa ń bo ọ̀sà ló sábà máa ń so mọ́ ìrù rẹ̀. Láti 1984 tó ti hàn ní odò Badagry ló ti ń dá àwọn ọlọ́kọ̀ lágara, a sì tún ń bá a fà á. Tí kò bá sí ewé, ẹ wo wáyà bóyá ó lọ́ mọ́ra.

Omi òjò, omi iyọ̀

Nọ́ńbà 1,500 tí kọ̀ǹpútà ń lò sún mọ́ òtítọ́ nínú ọ̀sà nígbà tí òjò ti fọ iyọ̀ kúrò. Lójú òkun, níbi tí omi gbóná tó 28°C tí iyọ̀ rẹ̀ sì pé, ìró ń rin nǹkan bí 1,540. Ìyàtọ̀ yẹn tó mítà 2 nínú range 75. Ó ṣeé tún ṣe nílé, ṣùgbọ́n ẹ wọn omi kí ẹ lè ní nọ́ńbà tí ẹ máa fi tún un ṣe. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe ni tí omi òjò bá sùn lórí omi iyọ̀, bó ṣe máa ń rí nítòsí ẹnu òkun. Ìró á tẹ̀ láàárín méjèèjì, etí òde àwòrán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sì máa jó bí iná fìtílà. Ẹ mú towfish lọ sábẹ́ ìpele náà, kí ẹ sì dín range kù.

Dúrọ́ọ̀mù

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ibi tuntun, mo máa ń ri dúrọ́ọ̀mù epo 200 lítà kan tí mo rọ yanrìn sí, tó dúró lóòró, tí okùn àti bọ́ọ̀yì wà lára rẹ̀ kí n lè fà á jáde. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 88, nítorí náà mo mọ ohun tó yẹ kí n rí. Ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi gígùn òjìji lọ́po gíga towfish, kí ẹ fi jíjìnnà sí òpin òjìji pín in. Ká ní towfish wà ní mítà 6, tí òjìji gùn ní mítà 6, tí òpin rẹ̀ wà ní 41: 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36, tí a bá fi 41 pín in, 0.88. Ẹ̀rọ ń sọ òtítọ́ nìyẹn. Tó bá fún yín ní 1.3, ẹ padà lọ wo ìlà ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gíga tí kọ̀ǹpútà dì mú kò tọ̀nà.

Dúrọ́ọ̀mù yìí kan náà ló ń sọ bí towfish ṣe jìnnà sẹ́yìn ọkọ̀ tó. Ẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan sí ìlà-oòrùn, lẹ́ẹ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn, ní eré kan náà àti wáyà kan náà. Tí ibi méjì tí kọ̀ǹpútà gbé dúrọ́ọ̀mù sí bá fi mítà 10 jìnnà síra, mítà 5 ni ẹ máa fi tún nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe.

Kí ẹ tó fa ìlà iṣẹ́, ẹ rántí pé towfish kì í ríran dáadáa lábẹ́ ara rẹ̀ gan-an. Range 50, mo máa ń fi mítà 40 sáàárín ìlà méjì, kí ìlà kejì lè wo abẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Kì í sì í ríran wọnú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ Clotilda, tó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú láti Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama ní 1860, tí Oluale Kossola ọmọ Yorùbá wà lára wọn, tí William Foster, kápítéènì rẹ̀, sì dáná sun lẹ́yìn tó já wọn sílẹ̀, nínú ẹrẹ̀ odò ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù lára rẹ̀ wà. Àwọn tó wá a, tí Alabama Historical Commission sì kéde rẹ̀ ní 2019, fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn irin àti èyí tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ kún sidescan. Tí oníbàárà bá ní kí ẹ wá ohun tó ti rì sínú ẹrẹ̀ ọ̀sà, ẹ sọ fún un kí ẹ tó gba owó rẹ̀ pé sidescan nìkan kò tó.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ fọ towfish, wáyà àti winch. Ẹ jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ gbẹ kí ẹ tó dé e, má dé e mọ́ omi lára. Ẹ da iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí dírááfù méjì kí ẹ tó kúrò nínú ọkọ̀, kí ọ̀kan bá yín lọ, kí èkejì bá ẹlòmíràn lọ.